Álọ́ọ̀mù Kì Í Mú Omi Líle Rọ̀

Ní Ìlọrin, láti Tankẹ dé Sángo, àti ní Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, bí omi kànga tàbí ti bóhòlù kò bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí aládùúgbò yóò fúnni ni pé kí a ra álọ́ọ̀mù lọ́jà, kí a rò ó mọ́ omi náà, yóò sì rọ̀. Àwọn alágbàfọ̀ tí iṣẹ́ wọn dá lórí ọṣẹ pàápàá gba èyí gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Álọ́ọ̀mù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mímú omi líle rọ̀ kò sí lára rẹ̀.

Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá álọ́ọ̀mù. Nínú omi tó dàrú, ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ gbé agbára iná kan náà lára, wọ́n ń ta ara wọn nù, wọn kò sì lè silẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù inú álọ́ọ̀mù a pa agbára náà, a kó wọn jọ, wọn a sì rì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ omi tó ń fa omi odò fi ń lò ó.

Líle omi kì í ṣe ẹrẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù ni, tí wọ́n ti yọ́ pátápátá nínú omi tí ojú kò fi lè rí wọn. Òkúta àtayébáyé bíi granite àti gneiss ni Ìlọrin àti gúúsù Kwara jókòó lé, omi tó ń gba àárín wọn kọjá a sì máa bu díẹ̀díẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, omi tó mọ́ gaara lè le, kànga méjì ládùúgbò kan náà sì lè yàtọ̀ síra. Bí ọṣẹ bá bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù a dì mọ́ ọn, a sọ ọ́ di ìdọ̀tí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ kò sì ní hó títí a ó fi fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ wá wo ohun tí álọ́ọ̀mù ń ṣe níbẹ̀. Báíkábónéètì, èròjà tó máa ń bá kálísíọ́ọ̀mù rìn nínú omi, ni ó ń bá jà: súlféètì inú álọ́ọ̀mù a gba ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálísíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Èyí tó tún burú ni pé kálísíọ́ọ̀mù tó bá báíkábónéètì rìn ṣì ṣeé fi iná lé jáde, òun ló ń di ẹfun nídìí kẹ́tùlù. Bí ó bá ti bá súlféètì rìn, sísè kò ràn án mọ́. Álọ́ọ̀mù tí a sì dà ní àdàjù a tún máa di ọṣẹ mú fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń mú kálísíọ́ọ̀mù kúrò ní tòótọ́ ni ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tín-ín-tín tó gbé agbára iná lára. Wóró résínì kéékèèké, ohun kan bí ike, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó mílímítà kan, ni ó kún inú àgbá rẹ̀, sódíọ́ọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀, sì jókòó sára wọn. Bí omi líle bá ń kọjá, kálísíọ́ọ̀mù, tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti sódíọ́ọ̀mù, a lé sódíọ́ọ̀mù méjì dìde, a sì jókòó sí àyè wọn. Ilẹ̀ oko pàápàá ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ báyìí; J. Thomas Way, onímọ̀ kẹ́místrì, kọ̀wé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Nígbà tí àyè bá kún, a ó fi omi iyọ̀ kíki, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, fọ résínì náà. Sódíọ́ọ̀mù tó pọ̀ rẹpẹtẹ yóò lé kálísíọ́ọ̀mù jáde, omi ìfọ̀ náà yóò sì gba gọ́tà lọ. Iyọ̀ yìí ló ń ṣi àwọn kan lọ́nà tí wọ́n fi ń da iyọ̀ sínú táǹkì. Résínì ni a ń fi iyọ̀ fọ̀, kì í ṣe omi. Iyọ̀ inú táǹkì kò lé kálísíọ́ọ̀mù kankan, ńṣe ni ó tún ń dín híhó ọṣẹ kù.

Omi líle kì í ṣe omi olóró. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà fi òpin líle sí mílígírámù 150 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òpin kankan sí i nítorí ìlera. Ẹni tí dókítà ti ní kí ó yẹra fún iyọ̀ ni kí ó ṣọ́ra fún omi tó ti inú ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ yìí jáde, nítorí pé fún gbogbo mílígírámù 100 líle tó kúrò nínú lítà kan, nǹkan bí mílígírámù 46 sódíọ́ọ̀mù ló ń wọlé.

Alágbàfọ̀ tí kò lágbára ẹ̀rọ lè yọ́ kán-ún díẹ̀ sínú omi ìfọṣọ, kí ó dúró títí ẹfun yóò fi silẹ̀, nítorí kábónéètì inú kán-ún ń di kálísíọ́ọ̀mù mú ní ti gidi. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó bu omi kànga kan náà sínú ìgò méjì, kí ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ọ̀kan, kí ó jẹ́ kí ó silẹ̀, kí ó da èyí tó mọ́ lójú rẹ̀ sínú ìgò mímọ́ kan, kí ó bu omi òjò sí òmíràn, lẹ́yìn náà kí ó fi ọṣẹ dúdú tó dọ́gba sínú omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì mì wọ́n: yóò rí i pé omi álọ́ọ̀mù kò hó bíi ti omi òjò. Kí ó má lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, nítorí kálísíọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.