Àyà Erin, Ẹsẹ̀ Lékeléke

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́kọ́ fura sí Tádé, àbúrò ìyàwó mi. Wọ́n gbé àmàlà dé iwájú wa, ó ń ṣe èéfín, àbùlà ti bò ó lórí, ògúnfe mẹ́ta jókòó síbẹ̀ bí ìjòyè. Tádé ní òun ò jẹ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ, ẹyin sísè mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Ó bó wọn tán, ó yọ pupa inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sétí abọ́ bí ẹni fẹ́ ta ayò, ó wá ń jẹ funfun, funfun nìkan, láìsí iyọ̀.

Ìyá ìyàwó mi wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.

"Tádé, kí ló ṣe ẹ́?"

"Màmá, mo ti wọ jíìmù. Purotéènì la ń jẹ níbẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Ìjọ wo ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ní kẹ́ ẹ má jẹ àmàlà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé Màmá ò ṣì í sọ. Ìjọ ni. Wọ́n ń dá owó oṣooṣù. Wọ́n ní omi àdúrà, omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé irin. Tó bá dénú tán, gbogbo awọ ara á máa yún wọn, wọ́n á ní agbára ló ń wọlé yẹn. Wọ́n ń jẹ́rìí pẹ̀lú: àwòrán "bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀" àti àwòrán "bí mo ṣe rí báyìí", tó jẹ́ pé ohun tó yàtọ̀ nínú méjèèjì kò ju pé ẹni náà fa ikùn wọlé, ó sì tan iná yàrá. Wòlíì wọn wá pọ̀ ju ọmọ ìjọ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì yìí ló ń dùn mí. Ẹni tó bá ti gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílùú Ìbàdàn lónìí ti di olùkọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, á ra ìbọ̀wọ́ àti bẹ́líìtì tó fẹ̀ bí ọ̀já ìyá ìbejì. Lọ́sẹ̀ kejì, á gé apá gbogbo aṣọ tó ní. Lọ́sẹ̀ kẹta, á gbé fóònù sọ́wọ́, á ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣìṣe ńlá kan wà tí gbogbo yín ń ṣe." Gbogbo wa kẹ̀! Àwa tí a ò tíì kúrò lórí ibùsùn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé agbára ń pọ̀ sí i lóòótọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tí ò lè gbé 30 kílò lè máa gbé 40. Àmọ́ iṣan ò tíì wú débi kan. Ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe máa pe àwọn iṣan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jọ sí iṣẹ́ kan náà. Kí ẹran ara fúnra ẹ̀ tó yọ débi tí aládùúgbò á fi rí i, oṣù ló ń gbà. Orí Tádé nìkan ló tíì kẹ́kọ̀ọ́, apá ló wá ń ya fọ́tò.

Ó fà mí lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan. "Bọ̀dá mi, ẹ wo ikùn yín." Mo wo ikùn mi, n ò rí ẹsẹ̀ mi, mo tẹ̀ lé e. Àjà kejì ni ibùdó náà wà. Èèyàn mẹ́jọ la jọ há sínú líìfìtì lọ sókè, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. A débẹ̀, mẹ́ta nínú wọn bọ́ sórí ẹ̀rọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kan! Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni àwọn mìíràn ti ń sáré lójú kan, òógùn ń bọ́, ojú wọn le koko. Bí bàbá mi bá wà láyé, á ti bi wọ́n pé ta ló ń lé wọn, kí ló sì dé tí ẹni náà ò tíì bá wọn.

Dígí ni gbogbo ògiri. Mo rò pé torí kéèyàn lè rí bí ẹ̀yìn òun ṣe tẹ̀ ni, èyí tó dáa. Kò pẹ́ tí mo rí i pé àwọn kan ti ń bá dígí sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, olùdámọ̀ràn márùn-ún ti yí mi ká. Ọ̀kan ní kí n ká ẹ̀yìn sókè bí afárá, èkejì ní ta ló fẹ́ dá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ẹ̀kẹta ní kí n di èémí mú, ẹ̀kẹrin ní ẹni tó bá dèémí á kú. Ẹ̀karùn-ún bi mí bóyá mo ti ń lo kiriatíìnì, ẹ̀bu kan tí àwọn onírin ń pò mu. Mo ní ìpara ni mo ń lò. Wọ́n kó àwo irin 20 kílò sí ọ̀tún, wọ́n kó òmíràn sí òsì, wọ́n ní 40 péré ni, ọkùnrin ni mí. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi pé ọ̀pá lásán, láìfi nǹkan kan sí i lára, 20 kílò ni òun náà. Bí mo ṣe fi ọgọ́ta kílò lé àyà ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta nìyẹn. Ó wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò lọ mọ́. Gbogbo àwọn olùdámọ̀ràn mi ti kọjú sí dígí. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rán wá pa iná ẹ̀rọ tó ń bà jẹ́ ló gbọ́ tí mo ń kérora, tó wá bá mi gbé e.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyà mi rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá kan, ọlọ́jà Gbági tó ń ta ánkárá, á ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ bùbá, ó wé gèlè. Ó gbé ọ̀pá lásán lé ẹ̀yìn ọrùn, ó lóṣòó, ó dìde. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ó gbé e padà, ó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni ń dúró de oníbàárà. Ó tún dìde, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ó ṣe é nígbà mẹ́ta, ó mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò, ó kọ nǹkan sí i, ó múra àtilọ. Kò ya àwòrán. Kò pariwo. Mo sáré bá a.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àṣírí yín?"

"Àṣírí wo? Dókítà ní kí n fún orúnkún mi lókun. Ohun tí mo bá gbé lọ́jọ́ sí, tó bá ti rọ̀ mí lọ́rùn, mo fi díẹ̀ kún un."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ẹnì kan tó ń jẹ́ Milo (kì í ṣe ti inú agolo o), wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́, màlúù ń dàgbà, òun ń lágbára, títí ó fi ń gbé akọ màlúù gidi. Àfikún díẹ̀, ìsinmi bí ọjọ́ kan tàbí méjì kéèyàn tó padà sórí iṣan kan náà, oúnjẹ gidi, oorun gidi. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ò tiẹ̀ béèrè ju ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà, ó kéré tán, fún eré tó ń mú iṣan le. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ìyẹn? Téèyàn bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa gbà, ìyókù ọdún á wá ṣófo. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi gbọ́dọ̀ máa rí ìran tuntun ní gbogbo ọ̀sẹ̀: lónìí wọ́n ní ẹ̀wà dáa, lọ́la ẹ̀wà ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹyin mẹ́fà yẹn, torí inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó ń gbé irin gidi nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 purotéènì fún kílò kan tó bá wọ̀n. Tádé wọ̀n 70 kílò, á jẹ́ bíi gíráàmù 112 lójúmọ́. Odindi ẹyin kan ní bíi 6. Ó wá lọ yọ pupa, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì purotéènì yẹn wà, ó tò ó sétí abọ́. Ta ló kó o jẹ? Màmá ni. Ó fi ti àmàlà lẹ́yìn, ó kó ògúnfe Tádé mọ́ ọn, ó nu ẹnu. Tí wọ́n bá gbé iṣan àwọn méjèèjì wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní fi owó mi lé ti Tádé. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, wàrà, gbogbo ohun tí a bí wa bá lọ́jà Bódìjà, kò sí èyí tí wòlíì kan ń polówó, torí pé ìyá alákàrà kì í sanwó fún ìpolówó.

Ẹ má rò pé àwọn tuntun nìkan ni mo dojú kọ. Àwọn àgbà onírin ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ ó mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá ń rìn: apá ò kan ẹ̀gbẹ́, àfi bí ẹni tó há kẹ́ẹ̀gì epo méjì sí abíyá. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń gbé irin, ó sì jẹ́ ọdún mẹ́wàá ọjọ́ Mọ́ńdè. Àyà ni Mọ́ńdè, àyà ni Túsìdeè, apá ni Wẹ́sìdeè. Ìlà tó wà nídìí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìlà epo bẹntiróò ò tó o. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ wà nínú ṣòkòtò gbọọrọ, láàárín ooru oṣù kẹta, ẹ má bi wọ́n. Mo rí ọ̀kan tó gbàgbé wọ péńpé wá lọ́jọ́ kan. Àyà erin, ẹsẹ̀ lékeléke. Ńṣe ló dà bíi pé ẹni méjì ni wọ́n gé pọ̀, tí ẹni ìsàlẹ̀ kò sì gbọ́ sí i.

Wọn kì í dá gbé irin tó wúwo. Ọ̀rẹ́ wọn á dúró sẹ́yìn orí wọn, á di ọ̀pá mú, á máa pariwo, "Ìwọ nìkan ni o! Ìwọ nìkan ni!" Bẹ́ẹ̀ iṣan ọrùn ọ̀rẹ́ ti yọ bí okùn kànga. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ló gbé e.

Ọ̀kan nínú wọn ló lọ gba ìyá ọlọ́jà Gbági nímọ̀ràn. Ó ní kó ṣọ́ra, obìnrin tó bá ń gbé irin á di ọkùnrin. Ọgbẹ́ni tó ń gbé 100 kílò pẹ̀lú apá ọ̀rẹ́ ẹ̀! Ní Paris lọ́dún 2024, níbi eré Paralíńpíìkì, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara, Folashade Oluwafemiayo tiwa-n-tiwa fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ti 167 kílò sókè, kò sí ọ̀rẹ́ kankan tó bá a di ọ̀pá mú. Góòlù ni, àkọsílẹ̀ tuntun fún gbogbo àgbáyé ni, ó sì ti gba góòlù ní Tokyo ṣáájú ìyẹn. Ní Birmingham lọ́dún 2022, níbi ìdíje Commonwealth, Rafiatu Lawal, tó ń díje láàárín àwọn tí kò wọ̀n ju 59 kílò lọ, gbé 116 lọ sókè orí. Ìlọ́po méjì ara ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yẹn. Ìyá ọlọ́jà náà ò mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó kàn wo ọgbẹ́ni yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró díẹ̀ níbi ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ máa jẹun o."

Àwọn ọmọ mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé mi tiẹ̀ ní jíìmù tiwọn: irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti kú, símẹ́ńtì tí wọ́n rọ sínú agolo ọ̀dà méjì, ó tán. Wọ́n ki. Wọn ò mu omi pupa. Ẹ má wá ní mo sọ pé iṣẹ́ àṣekára dáa ju jíìmù lọ. Alábàárù Bódìjà ń gbé àpò ìrẹsì 50 kílò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a ka ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kò sí ìsinmi ọjọ́ kejì, ẹ lọ bi í léèrè bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí lálẹ́.

Tádé ti wá di àgbà nínú ìjọ. Lóṣù tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ kú lórí wa, a ní kó wá bá wa gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ó na apá rẹpẹtẹ, ó ní òní ni ọjọ́ ìsinmi òun. Èmi àti Màmá la jọ gbé e.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lékeléke dá a lára. Ó dùn ún. Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ lóṣòó fún ìgbà àkọ́kọ́ látọdún tó ti ń lọ, ó sì fi ìbínú kó irin sí i. Kò ṣe nǹkan kan fún un lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló dé, ọ̀sán Sátidé ló wá le. Ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú bí arúgbó, ó ń ké "yéè" ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kò lè jókòó. Nígbà tó jókòó, kò lè dìde. Màmá kò bi í ní nǹkan kan. Ó wọ ilé ìdáná, ó ro àmàlà, ó bu àbùlà, ó gbé e wá bá a níbi tó wà. Tádé wo oúnjẹ náà títí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́, ó jẹ ẹ́ mọ́ abọ́, ó sì bèèrè bóyá ó kù.

Màmá jáde sí fàráńdà, ó ké pè mí:

"Bàbá Bísí, ẹ bá mi dúpẹ́ o! Wọ́n ti lé e kúrò ní ìjọ."