Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ìgbà Wo Ni Eré Ìje Dùn Jù?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí àwa tí a fẹ́ràn eré ìje bá ń jiyàn lórí ìgbà tó dára jù, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo la sábà máa ń pè: aago. Ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù, ìgbà tirẹ̀ la ó ní ó ga jù, ẹjọ́ parí. Bẹ́ẹ̀ aago kò mọ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ tẹ̀, kò mọ afẹ́fẹ́ tó fẹ́, kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ asáré.

Ẹ jẹ́ ká bi ilẹ̀ léèrè ná. Ní Òlíńpíìkì Berlin, 1936, ìṣẹ́jú àáyá 10.3 ni Jesse Owens ará Amẹ́ríkà fi gba wúrà 100 mítà. Eérú èédú tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni pápá ọjọ́ náà. Ó fi ṣọ́bìrì kékeré gbẹ́ ihò sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti ta sáré, nítorí Òlíńpíìkì London 1948 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí asáré ń fẹsẹ̀ tì. Eérú máa ń yẹ̀ lábẹ́ ìṣó bàtà, agbára ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan a sì dín kù. Pápá oníke tí wọ́n tẹ́ sí Mexico City ní 1968, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Òlíńpíìkì, ń ta ẹsẹ̀ padà sókè.

Aago pàápàá ní àléébù. Ẹni tó di aago mọ́wọ́ ní láti rí èéfín ìbọn kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀. Ní ìparí, ó ti ń wo asáré bọ̀, kì í pẹ́ kó tó dá a dúró. Bí eré ṣe ń dà bí ẹni pé ó yá jù nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fi ìṣẹ́jú àáyá 0.24 kún iye tí irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá sọ fún 100 àti 200 mítà, 0.14 fún 400. Láti 1977, aago ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń gbà fún àkọsílẹ̀ àgbáyé eré kúkúrú. Nítorí náà, ẹ má gbé 10.0 àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 10.00 òde òní.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, nínú eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà, ní ìdíje àgbáyé ní Eugene, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022. Ó sá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 0.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní àṣekágbá ó sá 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ jẹ́ 2.5, òfin kò sì gbà ju 2.0 lọ. Ẹni kan náà, ọjọ́ kan náà, pápá kan náà, èyí tó yá jù ni wọn kò kà sí àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Gíga ilẹ̀ ńkọ́? Mexico City ga ní mítà 2,240, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bob Beamon ará Amẹ́ríkà fo 8.90 mítà nínú ìfò jíjìn níbẹ̀ ní Òlíńpíìkì 1968, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ 2.0 géérégé. Ní Òlíńpíìkì yẹn kan náà, 29:27.4 ni Naftali Temu fi gba wúrà 10,000 mítà, nígbà tí Ron Clarke ti sá 27:39.4 lọ́dún 1965. Ohun tó gbe afòjìnnà ló ni asáré ọ̀nà jíjìn lára.

Ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ jù ni àwọn tí wọ́n jọ sáré. Ní Atlanta, 1996, Falilat Ogunkoya sá 49.10 ní 400 mítà, bàbà ló gbà: Marie-José Pérec sá 48.25, Cathy Freeman sá 48.63. Ẹ wá ka àwọn tó gba wúrà lẹ́yìn náà. Freeman fúnra rẹ̀, 49.11 ní Sydney. Tonique Williams-Darling, 49.41 ní 2004. Christine Ohuruogu, 49.62 ní 2008. Sanya Richards-Ross, 49.55 ní 2012; Shaunae Miller, 49.44 ní 2016. Òlíńpíìkì márùn-ún gbáko, kò sí olúborí kan tó sá a tó ẹni tó gba bàbà ní Atlanta! Lóòótọ́, ní Paris 2024, 48.98 ló gba bàbà. Ṣùgbọ́n bàtà ti yí padà: fóòmù tó ń ta ẹsẹ̀ padà àti àwo líle ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, débi pé òfin fi òdiwọ̀n lé nínípọn rẹ̀. Ní tèmi, Atlanta ni mo ṣì dúró tì.

Ẹlẹ́rìí oògùn ló máa ń pẹ́ dé jù. Nàìjíríà ṣe ipò kejì ní 4x400 mítà ọkùnrin ní Sydney, 2000. Ní 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó gba wúrà náà, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ọdún 2012 ni wúrà tó di ti Nàìjíríà. Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn tó sá eré náà fún Nàìjíríà, ti kú ní 2011. Ẹni tó bá ń fi tábìlì wúrà ìgbà yẹn jiyàn, kó rí i dájú pé èyí tí wọ́n ti tún ṣe ló mú dání.

Ẹ mú eré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Beatrice Chebet ará Kenya sá 10,000 mítà ní 28:54.14 lọ́dún 2024, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó sá a láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó 29. Kó tó di 1988, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin sá eré yẹn rárá ní Òlíńpíìkì. Ta la fẹ́ pè wá jẹ́rìí fún àwọn obìnrin 1960?