Òkè Tí Fóònù Bá Wa Yàn

Ìlú kékeré tí òkè àti igbó bá yí ká kì í ṣàìní ọ̀nà ẹsẹ̀. Òmíràn yà lọ sí odò, òmíràn gba ẹ̀yìn ilé ìwé gun orí àpáta, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ àti ọdẹ ló fi ẹsẹ̀ là á, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú kàn án pé ènìyàn lè máa rìn kiri láìní ibi tí ó ń lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí gígun òkè ti di àṣà àwọn tó lajú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó ṣì wọ ọjà, òun náà sì ni èyí tí wọ́n rí lójú fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn, ẹgbẹ́ á péjọ sórí WhatsApp, fọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: èyí tí omi rẹ̀ ń dán yanran, èyí tí kùrukùru bo orí rẹ̀, èyí tí ọmọge kan ti na ọwọ́ méjèèjì sí ojú ọ̀run níbẹ̀, àfi bí ẹni tó fẹ́ fò. Ẹnìkan á béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká gbà?” Ẹ̀gbọ́n, tí kò gun ohunkóhun rí ju àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, á dáhùn pé, “Àbúrò, èyí tí láìkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni.” Bí aláìgbọ́n kan bá wá ṣèèṣì béèrè bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó, iye mítà tí wọn yóò gùn sókè, ibi tí omi mímu wà àti ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Wọ́n á ní ó ti ń fi tirẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n á ní ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni, bí ẹni pé òwe náà ti bá wọn lọ wọn òkè ọ̀hún wò.

Ẹ wo ohun tí irú yíyàn báyìí fi ojú ìlú Odda rí ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ìlú kékeré ni, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àpáta kan wà ní òkè agbègbè náà tí wọ́n ń pè ní Trolltunga, tí ó yọ gbọrọ síta ní nǹkan bí 700 mítà lókè adágún omi. Ní ọdún 2010, nǹkan bí 800 ènìyàn ló gun ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, wọ́n ti tó nǹkan bí 80,000. Láàárín ọdún mẹ́fà wọ̀nyẹn, àpáta náà kò ga sí i, kò rẹwà sí i, kò sì polówó ara rẹ̀. Fọ́tò ẹnìkan tó dá jókòó sí etí rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá débẹ̀ ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dára á bá èrò lórí ìlà gígùn, tí oníkálukú ń dúró de ìgbà tirẹ̀ láti lọ dá nìkan wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò á ṣọ́ ọ gidigidi, kí orí àwọn tó wà lórí ìlà má baà yọ sínú àwòrán. Bí ó bá ti yà á tán, ẹni tó dá nìkan wà á sáré kúrò kí ẹni tó kàn má baà bú u, á sì lọ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé òun wá ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ síbi tí ariwo ayé kò dé.

Ohun tí fọ́tò náà kò wí ni pé àlọ àti àbọ̀ ibẹ̀ láti Skjeggedal, níbi tí ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó nǹkan bí 27 kìlómítà, a ó sì gùn tó nǹkan bí 800 mítà sókè. Iye wákàtí tí irú ìrìn báyìí ń gbà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí a ń ṣírò. Ní ọdún 1892 ni William Naismith, agunkè ọmọ Scotland, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí àwọn tó mọ òkè ṣì ń lò: ka wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí 5 kìlómítà, kí o sì fi wákàtí kan kún un fún ìwọ̀n 600 mítà tí o bá gùn sókè. Ẹ fi ṣírò Trolltunga, ẹ ó rí i pé ó súnmọ́ wákàtí méje fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò jókòó, tí kò dúró mu omi, tí kò tò sórí ìlà, tí kò sì bọ́ sẹ́yìn òkúta lọ pààrọ̀ aṣọ nítorí fọ́tò kejì. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ni àwọn agunkè wa ń fi rìn. Ọ̀sán ni wọ́n ń gbéra, nítorí àtíkè gbọ́dọ̀ gún régé. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n ṣì wà lágbedeméjì, fóònù kan náà tó jẹ́ máàpù, aago, kámẹ́rà àti iná tọ́ọ̀ṣì sì ti fẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí òtútù orí òkè kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Àwọn adóòlà ẹ̀mí, tí ẹnikẹ́ni kì í fi fọ́tò wọn hàn, ni yóò wá fi ẹsẹ̀ ara wọn parí ìṣirò náà lóru.

Àwọn kan ní àwọn kì í tẹ̀lé fọ́tò, ìràwọ̀ ni àwọn ń kà lórí áàpù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìràwọ̀ náà. Ọ̀nà kan pàdánù ìràwọ̀ méjì nítorí pé òkúta wà lórí òkè; òmíràn gba ẹyọ kan ṣoṣo nítorí pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí òǹkọ̀wé lọ; òmíràn sì gba márùn-ún pérépéré nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ fẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Switzerland, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 65,000 kìlómítà, ti gbìyànjú láti gba irú àwọn ènìyàn báyìí lọ́wọ́ ara wọn. Àwọ̀ ni wọ́n fi pín in. Àmì yẹ́lò jẹ́ ti ọ̀nà tí kò ní wàhálà nínú. Funfun-pupa-funfun jẹ́ ti ọ̀nà òkè, tó lè há, tó lè dà gẹ̀rẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹni sì gbọ́dọ̀ dá ẹni lójú. Funfun-búlúù-funfun jẹ́ ti àwọn tó lè fi ọwọ́ di àpáta mú, tí wọ́n sì lè rìn lórí yìnyín. Kò sí bí a ṣe tún fẹ́ là á yé ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, búlúù ni oníṣekárími yóò yàn, nítorí pé ó bá fìlà rẹ̀ mu, àti nítorí pé ojú ń tì í láti gba ọ̀nà tí ìyá àgbà ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni mo tilẹ̀ fẹ́ sọ. Ní ọdún 1955, obìnrin kan tí ń jẹ́ Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, dá nìkan fi ẹsẹ̀ rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ọ̀nà tó lé ní 3,000 kìlómítà. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, kọ́tìnì ilé ìwẹ̀ sì ni ohun tí ó mú dání nítorí òjò. Tiwa ń lọ sí ọ̀nà kìlómítà mẹ́rin, ó gbé báàgì tí okùn rẹ̀ kò lóǹkà, èyí tí kò tíì mọ ìlò ìdajì wọn. Bàtà rẹ̀ le tó èyí tí a lè fi la yìnyín já, ó sì ń rìn tìkọ̀ tìkọ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i. Ọ̀pá méjì ló mú dání: ó ń fi ọ̀kan tilẹ̀, ó so fóònù mọ́ èkejì. Ó ti ra gbogbo ohun tí òkè ń béèrè, àfi ọjọ́ mélòó kan tí ó yẹ kí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ tó mọ̀ pé ìsọ̀kalẹ̀ ń dunni ju ìgunkè lọ.

Bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ìlú kékeré kan má ní ọ̀nà kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn, tó wọ abẹ́ igi, tó gun gegele kan, tó sì yí po padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó le. Àwọn tó ní ajá mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbàlagbà tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn mọ̀ ọ́n dunjú, wọ́n sì mọ ibi tí ó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ẹ bi àwọn agunkè wa ní ìdí tí wọn kì í fi gbà á, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Òdodo ni wọ́n sọ: kò sí ìlà, kò sí ariwo, kò sì sí ẹni tí ń sọ fún yín pé kí ẹ sún díẹ̀ kí ẹ má baà wọnú àwòrán òun. Ẹ tètè lọ rìn ín kí ẹnìkan tó gbé dúróònù débẹ̀.