Páànù ń pa adìẹ wa ju àwòdì lọ

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ń sin adìẹ ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ẹ má bínú. Gbogbo wa la gbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àwòdì. Bó bá ti yọ lókè báyìí, ọmọdé á pariwo, ìyá àgbà á sọ òkò, a ó sì kó adìẹ wọlé kíá. Ibi tí a ń kó wọn wọ̀ gan-an ló ń dùn mí. Àpótí onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in, tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀, tí oòrùn oṣù Kejì ń pa látàárọ̀ dalẹ́: òun ló ń pa adìẹ ju àwòdì lọ. Mo ti sọ ọ́ ní gbangba, kẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi jà ó bọ́ síta.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tó lé akátá dé ìdí igbó, adìẹ tí a tì mọ́lé ti ń kú lọ.

Òwe mìíràn tún wà tí a fẹ́ràn, pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Fún èèyàn tó ń jìyà lábẹ́ aṣọ, òwe yẹn bá a mu gan-an. Adìẹ fúnra rẹ̀ kì í làágùn rárá. Ọlọ́run ò dá ihò òógùn sí i lára. Ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ nípìlẹ̀, ó tó ìwọ̀n Celsius 41 nígbà tára rẹ̀ le koko, nígbà tí tiwa ò ju 37 lọ. Bí ooru bá ti kọjá 30 ló ti ń ni ín lára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lóṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ọ̀sán Òṣogbo a máa lé ní 34 lábẹ́ igi, ká má tíì sọ ti inú páànù. Ọ̀nà tó ní láti tu ara rẹ̀ ò pọ̀: ẹnu, ogbe orí, awọ pupa abẹ́ ẹnu, ẹsẹ̀, àti abẹ́ apá tí kò fi bẹ́ẹ̀ níyẹ̀ẹ́.

Ẹ lọ wo àgbébọ̀ kan láago méjì ọ̀sán. Á la ẹnu sílẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á máa gbọ̀n pì-pì-pì, á na apá méjèèjì kúrò lára bí ẹni tó fẹ́ fò tí kò fò. Ìyẹn ṣì dáa, ó ń tura ni. Bó bá wá pa ojú dé, tí ọrùn rẹ̀ rọ̀, tí kò dìde nígbà tí ẹ da ọkà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. Ẹ gbé e lọ síbi ìbòòji, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi títutù, ẹ fi omi pa ogbe rẹ̀, ẹ kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má rì í bọ inú omi yìnyín o, ẹ̀rù omi náà lè pa á.

Mímí gùlegùle yẹn tún ń ṣe nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ wa ò kà sí. Ohun tí adìẹ fi ń ṣe èèpo ẹyin ń bá èémí náà jáde, ìdí nìyẹn tí ẹyin ẹ̀ẹ̀rùn fi ń fẹ́lẹ́, tó ń fọ́ lọ́wọ́ kó tó dé ọjà. Àwa á ní àìjẹunkánú ni, a ó lọ ra oògùn.

Ẹ̀sùn mìíràn tí mi ò fara mọ́ ni ti lùkúlùkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Ìyá kan ládùúgbò wa ké sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbà mí, lùkúlùkú ti wọlé mi." Mo débẹ̀, mo bá àkùkọ ńlá méjì àti àgbébọ̀ tó sanra jù nílẹ̀. Àwọn tó rù ò kú, àwọn ọmọ ò kú. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ ti ilẹ̀kùn yìí?" Wọ́n ní, "Àtìgbà tí mo ti jáde lọ Ọjà-Ọba láàárọ̀ ni. Àwòdì ló ń yọ mí lẹ́nu." Lùkúlùkú kì í ṣa ẹni tó sanra, ní tiẹ̀ á kárí gbogbo agbo, ẹ ó rí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ ó rí ọrùn tó lọ́. Ooru ló ń kọ́kọ́ mú èyí tó tóbi, tó sì yó. Òótọ́ ni pé ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni lùkúlùkú máa ń jà jù, torí náà ẹ fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára kó tó dé, èyí tí a ń fi sómi náà wà. Àmọ́ kò sí àjẹsára kankan fún páànù.

Ẹ jẹ́ n dá àwòdì láre díẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo ń gbè sẹ́yìn olè. Olè ni lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé e wá bá wa láti òkè ọ̀dàn, bí òjò bá sì ti fìdí múlẹ̀, á padà lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń sun igbó lẹ́bàá ìlú ló ń pọ̀ jù, ó ń tẹ̀ lé èéfín nítorí tata àti eku tó ń sá iná. Bí iná bá kú, tó ń padà bọ̀, òròmọdìẹ yín ló kàn. Àwọn ìyá wa mọ èyí ni wọ́n ṣe máa ń kùn òròmọdìẹ ní àwọ̀ elésè àlùkò tàbí pupa. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rọra o. Ẹni tó bá ṣe é, tó tún jẹ́ kí ìyá wọn wà pẹ̀lú wọn, kì í pàdánù bíi ti ẹni tó fi ọmọ adìẹ funfun sáàárín agboolé láìsí ìyá.

Àkùkọ pàápàá, ọlọ́dẹ ni. Ẹ fetí sí i dáadáa: igbe tó máa ń ké nígbà tó bá rí ohun tó ń fò lókè yàtọ̀ sí èyí tó máa ń ké nígbà tí ajá tàbí ológbò bá ń rìn bọ̀ nílẹ̀. Ti òkè, gígùn tó tín-ín-rín ni, gbogbo adìẹ á sì wọ abẹ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Ti ilẹ̀, á máa ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á na ọrùn sókè. Àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣé ẹ wá rí ibi tí mo ń lọ? Abẹ́ kí ni wọ́n ó wọ̀, ní agboolé tí a ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná?

Ọ̀rọ̀ ìbòòji ni mo fẹ́ sọ láti àárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gba adìẹ lọ́wọ́ oòrùn tó tún gbà á lọ́wọ́ àwòdì nìyẹn, a sì ń gé e lulẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n gé máńgòrò nítorí ewé ń dọ̀tí, wọ́n gé dóńgóyárò nítorí wáyà iná. Ẹ rìn kúrò láàárín ìlú nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ wọ igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005, ẹ ó rí i bí ara ṣe ń tù yín kẹ́ ẹ tó dé etí omi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ilé rẹ̀ di igbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ilé tó. Ìbẹ́pẹ kan, tàbí àtíbàbà tí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, tó lọ sílẹ̀ débi pé àwòdì ò lè rá bàbà wọ abẹ́ rẹ̀. Adìẹ á sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án, á máa wa ilẹ̀ tútù abẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì ní nílò láti tì í mọ́nú ohunkóhun lójú mọmọ.

Alẹ́ ló yẹ ká tilẹ̀kùn. Ẹtà, ejò, ológbò àti èkúté ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́, páànù ò sì dí gbogbo wọn. Ejò á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á gbé ẹyin mì, á tún sùn síbẹ̀. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí bíríkì dé orúnkún, kí ìyókù ògiri jẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin tí ìka kan ò lè ráyè kọjá nínú ihò rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì oníhò ńlá tí wọ́n ń tà fún wa pé ti adìẹ ni, adìẹ ló lè dá dúró, kò lè dá ejò dúró. Ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ páànù náà lẹ ní fún òrùlé, ẹ tò imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí tàbí kẹ́ ẹ kùn ún ní funfun. Omi ńkọ́? Ìkòkò amọ̀ tí a rì sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi. Kì í gbóná bíi ti ike. Oúnjẹ ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, torí oúnjẹ tó ń dà nínú adìẹ lọ́sàn-án ń dá kún ooru ara rẹ̀ ni.

Ó ku ohun kan tó ń bí mi nínú jù. Adìẹ tó lè fara da ooru jù nílẹ̀ yìí la ń fi ṣẹ̀sín: abólọ́rùn, tí ọrùn rẹ̀ ò níyẹ̀ẹ́, àti èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè. Wọ́n ní ó burẹ́wà, wọ́n ní adìẹ ètùtù ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sìn sílé. Bẹ́ẹ̀ abólọ́rùn tó gba àmì yẹn lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹ́ rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti adìẹ yòókù. Bó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ó lè tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ooru ń ráyè jáde lára rẹ̀, ó ń jẹun dáadáa nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mí gùlegùle. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti mú adìẹ ìbílẹ̀ wa, wọ́n ti ń yàn wọ́n láàyò títí wọ́n fi gbé irú adìẹ tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha jáde. Àwa ní Òṣogbo ńkọ́? Ọdún Kérésì la fi ń pa abólọ́rùn wa, a ó lọ ra adìẹ agric dípò rẹ̀, a ó wá máa sunkún nígbà tí oṣù Kejì bá dé.

Torí náà, ẹni tó bá ní àkùkọ abólọ́rùn ní Òkè-Fìà tàbí ìhà ibòmíràn nílùú yìí, tó sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ dè é, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi lábẹ́ ibí ná. Àgbébọ̀ méjì tó ti ń yé wà nílẹ̀ tí màá fi pààrọ̀.