Ọkọ̀ ojú omi mi fara gbá òkúta: ṣé kí n gba owó òfò ni, àbí kí n tún un ṣe fúnra mi?

Ará Ìtòkò
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà kan tí mo fi ń gbé àwọn awayanrìn àti ẹrù wọn lórí Odò Ògùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nísàlẹ̀ afárá Láfẹ́nwá, òkúta tí omi bò mọ́lẹ̀ gbá wa lábẹ́. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó farapa, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ là ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ewé kan lára abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì ká kò. Ẹni tí yóò tún un ṣe ní òun yóò gba 185,000 náírà. Ìwé àdéhùn èmi àti ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ pé èmi ni n óò fara mọ́ 100,000 náírà àkọ́kọ́ nínú òfò yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé 85,000 péré ni n óò gbà. Owó tó yẹ kí n máa san lọ́dún ni 270,000, àmọ́ 216,000 ni mo ń san, nítorí pé n kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta. Bí mo bá gba owó yìí, ẹ̀dínwó náà lọ nìyẹn. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Àdátán
Ẹ gba owó yín, ẹ̀gbọ́n. Nítorí ọjọ́ òfò gan-an la ṣe ń san owó ìdójútòfò. Ẹni tó ń dá èsúsú tó wá ń bẹ̀rù àtigba ti rẹ̀, kí ló ń dá a fún?

Ìyá Oníṣirò, Òkè-Ìlèwó
Ará Ìtòkò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Bí ẹ̀dínwó yín bá ń gun àkàbà bíi ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, tó jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọdún kan, 15 lẹ́yìn ọdún méjì, 20 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a jẹ́ pé bí ẹ bá gba owó, ẹ óò tún àkàbà náà gùn láti ìsàlẹ̀: ẹ óò fi 54,000 kún owó yín lọ́dún àkọ́kọ́, 27,000 lọ́dún kejì, àti 13,500 lọ́dún kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 94,500 náírà. Ẹ gba 85,000, ẹ san 94,500. Àyàfi tí àtúnṣe bá kọjá 194,500 náírà (94,500 yìí àti 100,000 tí ẹ óò fara mọ́) ni èrè tó wọlé fún yín, ìyẹn bí òfò mìíràn kò bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta náà.

Adójútòfò tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà
Ìṣirò ìyáàfin yìí péye, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n èsúsú tí Ọmọ Àdátán mẹ́nu bà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú èsúsú, owó tí oníkálukú dá ló ń padà sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdójútòfò, ẹni tí òfò bá ṣe là ń kó owó gbogbo wa jọ fún, ẹni tí òfò kò ṣe ti ra ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni pé ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn fi ìjàǹbá tó ilé iṣẹ́ létí, ọ̀tọ̀ ni kí ó béèrè owó. Ẹ kọ̀wé sí wọn báyìí, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò tíì pinnu bóyá ẹ óò béèrè owó. Bí ẹ bá dákẹ́, tí ìlà yẹn wá fẹ̀ lóṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè sọ pé ẹ kò tètè wí, tàbí pé ogbó ló ń ṣe ọkọ̀. Láti ìgbà òfin ìdójútòfò ojú omi ọdún 1961 ni a ti mọ̀ pé adójútòfò kì í san owó ogbó àti ìlò ojoojúmọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tún ọkọ̀ ṣe kí olùyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ náà yóò rán tó dé.

Ọmọ Àdátán
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Mo kọ irú ìwé yẹn sí ilé iṣẹ́ kan rí, wọ́n sì kà á sí mi lọ́rùn nígbà tí mo fẹ́ san owó ọdún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ n kò gba kọ́bọ̀.

Adójútòfò tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà
Ó ń ṣẹlẹ̀, n kò ní parọ́. Síbẹ̀, bí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ bá béèrè bóyá ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà, dandan ni kí ẹ sọ òtítọ́, yálà ẹ gbowó tàbí ẹ kò gbà. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù gbogbo ààbò rẹ̀.

Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi
Ẹ ń ṣírò owó nǹkan tí ẹ kò tíì mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà kan fáíbà náà díẹ̀díẹ̀ yí ìlà yẹn ká. Ibi tó bá dún ketekete ṣì le. Ibi tó bá dún wúyẹ́ bí igbá tó ti jẹrà, omi ti wọ àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú òróró jíà ẹ́ńjìnnì sínú ike funfun. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti gba ojú sílì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí omi, wọlé, abẹ̀bẹ̀ tó ká nìkan kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti tú omi sílẹ̀ láti ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán, odò á kún, a kò ní rí òkúta, àwọn awayanrìn yín sì lè má mọ ìwẹ̀.

Ará Ìtòkò
Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Fáíbà dún dáadáa yí ìlà náà ká, àfi ibì kan lápá ọ̀tún tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n òróró jíà funfun bí ẹ̀kọ. Mẹkáníìkì ní sílì méjì àti bẹ́árìn ni yóò pààrọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di 310,000 náírà. Nípa ìṣirò Ìyá Oníṣirò, 210,000 ni n óò gbà, ó sì ju 94,500 lọ dáadáa. Mo ti fi ìwé àti fọ́tò mẹ́jọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, mo sì ti béèrè owó. Ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ ní èbúté, mo sì ti sọ fún àwọn awayanrìn pé kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn títí olùyẹ̀wò yóò fi dé.