Ìgbéyàwó Ọgọ́ta Dọ́là

Dọ́là 35 ni láísẹ́ńsì ìgbéyàwó, dọ́là 25 ni owó kí wọ́n so yín pọ̀. Ó tán. Ọgọ́ta dọ́là lẹ fi di tọkọtaya ní New York. Nílé ńkọ́? Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ìṣíjú, ká má tíì dé orí iṣu 42 àti orógbó 42. Ìdí tí ẹnikẹ́ni nílé kò fi ní gbà pé ẹ ti gbéyàwó nìyẹn. Ohun tí kò mú gbèsè dání, àwọn ò kà á sí ìnáwó.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é wà ní 141 Worth Street, nísàlẹ̀ Manhattan. Ẹ má wá adájọ́ tó dé wíìgì débẹ̀ o. Ofíísì akọ̀wé ìlú ni, àtọdún 2009 ni wọ́n sì ti wà níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ gba ọjọ́ àti aago, kí ẹ̀yin méjèèjì tó jọ yọjú. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì kọjá. Wọn ò sì ní bi yín bóyá ẹ ní ìwé ìgbé Amẹ́ríkà tàbí ẹ ò ní. Ẹ mí kanlẹ̀. Àǹtí tó wà ní Brooklyn nìkan ló máa béèrè ìyẹn, ojú gbogbo ayé ló sì ti máa béèrè é: "Ṣé ìfẹ́ ni, àbí ìwé?"

Káàdì ni kẹ́ ẹ fi sanwó, tàbí mọ́níọ́dà. Ẹ fi owó àjọ tó wà nínú àpòòwé sílẹ̀ nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìbéèrè nípa ìgbéyàwó àtẹ̀yìnwá. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀: orúkọ onítọ̀hún, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọra yín, ìlú tẹ́ ẹ ti kọra. Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ṣe torí ìwé yẹn náà wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nílé, lálẹ́, nígbà tí ẹ bá ti jẹun yó. Iwájú fèrèsé ìjọba kọ́ ló yẹ kí ìyàwó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òun ní ìyáálé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka orúkọ yín lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Oluwadamilola tó bá sọ "l" kan nù lórí ìwé yìí á máa wá a kiri gbogbo ofíísì Amẹ́ríkà. Orúkọ ìdílé tí ìyàwó fẹ́ máa jẹ́, orí fọ́ọ̀mù yìí náà ló ti máa yàn án, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí màmá ọkọ bá ti bínú.

Wákàtí 24 gbọ́dọ̀ kọjá láàárín láísẹ́ńsì àti ìgbéyàwó. Wákàtí ni mo wí o. Tó bá jẹ́ aago 10:30 òwúrọ̀ Mọ́ńdè lẹ gbà á, ẹ ò lè ṣe é ní aago 9 ọjọ́ Túsìdeè. Nítorí náà, ọ̀ọ́fù ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ tọrọ níbi iṣẹ́. Láísẹ́ńsì yẹn kò sì ju 60 ọjọ́ lọ láyé. Ẹni tó máa pa á ni mọ́mì. Mọ́mì á ní kẹ́ ẹ dúró kóun bi wòlíì. Wòlíì á gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, á wá ní ọjọ́ tó dáa jù wà nínú oṣù kẹta sí i. Akọ̀wé ìlú ò mọ wòlíì rí. Dọ́là 35 mìíràn.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè, tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì ní àìdíì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ pe méjì. Ọ̀kan á gbàgbé àìdíì sínú àpò tó gbé lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Èkejì á wá tààrà látọ̀dọ̀ arúgbó tó ń tọ́jú, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á sì ti máa hanrun lórí bẹ́ńṣì kí nọ́ńbà yín tó jáde. Ẹ jí i kó fọwọ́ síwèé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó padà sùn. Ní ti gèlè, ẹ má wé e ní Bronx. Gèlè tó wọ ọkọ̀ ojú irin 4 ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ á di ìwérí kó tó dé Brooklyn Bridge. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ wé e níbẹ̀.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ lè fi ìyókù ọjọ́ yín ṣe nǹkan gidi, àyàfi tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe pípe ilé lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan. Àdéhùn ni pé àwọn ará Ìbàdàn kàn máa wò ni. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ New York, aago mẹ́ta ọ̀sán ni nílé lásìkò ooru, mẹ́rin lásìkò òtútù, ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa. Fóònù tàn báyìí, kánópì mẹ́ta, igba àga, onígángan méjì, àti alága ìjókòó pẹ̀lú máìkì. Oyinbo tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ la ẹnu. Alága gbà á lẹ́nu ẹ̀: "Ta lẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹbí ọkọ ni àbí ẹbí ìyàwó? Kí ló dé tó dúró ṣánṣán síwájú àwọn àgbà?" Ó ní kí gbogbo ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ nínú kóòtù àti táì. Ẹlẹ́rìí ta jí, ó rí i pé ẹnì kan wà nílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará Ecuador tí nọ́ńbà wọn kàn rò pé òfin ìlú ni, bàbá àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa sùn sí.

Oyinbo ò jáwọ́. Ó ní pẹ̀lú àṣẹ tí ìpínlẹ̀ New York fún òun. Alága fò dìde. "Àṣẹ wo? Ta ló fún un láṣẹ? Bàbá ìyàwó ò tíì gbọ́, ìyá ìyàwó ò tíì gbọ́, awọn ìyàwó ilé ò tíì jẹ kọ́bọ̀!" Oyinbo ní kí ni màmá yẹn ń wí. Wọ́n ní ó ní kó sanwó. Oyinbo ní wọ́n ti san 25. Alága ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ni?" Onígángan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki oyinbo ní Àkànní lákòókò yìí, ọkùnrin náà sì ti ń mi èjìká díẹ̀díẹ̀. Bí ìyàwó ṣe fẹ́ sọ pé òun gbà, iná lọ ní Ìbàdàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ojú mọ́mì gan pa sórí fóònù pẹ̀lú ẹnu ní yíyà. Nígbà tó padà dé, mọ́mì ní òun ò gbọ́ ìgbà tó gbà, kí wọ́n tún un ṣe. Oyinbo ti ń pe nọ́ńbà tó kàn. Kó tó dalẹ́, gbogbo àdúgbò ní Ìbàdàn ti mọ̀ pé oyinbo Amẹ́ríkà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìdílé wọn.

Ta ló sanwó kánópì yẹn? Àwọn méjèèjì tó wọ ọkọ̀ ojú irin náà ni. Àti àga, àti onígángan, àti àmàlà tí wọ́n bù fún igba èèyàn tí ìyàwó ò mọ ìdajì wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni àwọn fúnra wọn jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú fóònù kí bàbá ẹ̀ lè gbàdúrà, àdúrà ń já, ó ń so, kò sì sí ọwọ́ kankan tó kan orí ẹ̀. Ó ti há ẹkún ìyàwó láti kékeré. Ta ni kó sun ún fún, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? Ó pẹ́ kó tó dìde.

Ẹ dìde jàre, èèyàn wà lẹ́yìn yín. Ẹ lọ ya fọ́tò níwájú àwòrán City Hall tí wọ́n fi sí ara ògiri, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fún yín ní sẹ̀tífíkéètì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó nílẹ̀ òkèèrè, ẹ lọ béèrè èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní Extended Certificate. Ẹ gba ẹ̀dà kan lé e fún mọ́mì, torí á lọ láminéètì ẹ̀, ọ̀pọ̀ ofíísì kì í sì í gba èyí tí wọ́n ti fi rọ́bà bò.

Fídíò alága yẹn, ẹ má pa á rẹ́. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín ní káàdì ìgbé Amẹ́ríkà (green card), ọdún méjì péré ni káàdì náà máa lò, ẹ ó sì tún kọ I-751, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú gbèdéke ọdún méjì yẹn kúrò, láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú òpin rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí pé kì í ṣe irọ́. Ẹ fi fídíò yẹn sí i. Kò sí ẹni tó máa fara da irú wàhálà yẹn nítorí ìgbéyàwó ayédèrú.

Bí mọ́mì bá wá pè lálẹ́, tí wọ́n ní ó dáa, ìgbà wo wá ni ìgbéyàwó gan-an, ẹ ní Dìsẹ́ńbà. Wọn ò ní béèrè ọdún. Àwọ̀ aṣọ ẹbí ni wọ́n máa béèrè, ẹ má sì dárúkọ àwọ̀ kankan lórí fóònù o, torí oníṣòwò Gbági wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ó ti ń wọn aṣọ.