Kì í ṣe fún West Indies ni Sobers gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri lórí WhatsApp pé inú ìdíje Test (ìfigagbága kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè), níbi tí West Indies, ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù Caribbean, ti kojú England, ni Garfield Sobers, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì, ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà léraléra kọjá ààlà pápá láìkanlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó gbá a lóòótọ́, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1968, ní Swansea, nílẹ̀ Wales. Ṣùgbọ́n Nottinghamshire, ẹgbẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ló ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún lọ́jọ́ náà, Glamorgan ni wọ́n sì kojú. Malcolm Nash ló ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Díẹ̀ ló kù kí ìkarùn-ún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: Roger Davis ti Glamorgan hán an kó tó kanlẹ̀, èyí tí ì bá lé Sobers jáde, àmọ́ ó ṣubú sẹ́yìn kọjá ààlà tòun ti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ ní ayò mẹ́fà ni, iye tí bọ́ọ̀lù tó bá kọjá ààlà láìkanlẹ̀ máa ń fúnni. Ìkẹfà fò jáde kúrò ní pápá, ó bọ́ sí títì.

Nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè, Herschelle Gibbs ti South Africa ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 2007. Kieron Pollard ọmọ Trinidad ṣe é fún West Indies lọ́dún 2021.

Ó dùn mí pé irọ́ yìí ń bo iṣẹ́ Sobers gan-an mọ́lẹ̀. Ìdíje Test 93 ni ọmọ Barbados yìí kópa nínú rẹ̀. Ó kó ayò 8,032, ó sì fi bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ lé alátakò jáde nígbà 235.